Àga Bàbá Nínú Yàrá Kékeré

Ìbéèrè kan wà tí a kì í bi ọmọ ilé ìwé ní ọjọ́ ìdánwò, ṣùgbọ́n tí agbo ilé kọ̀ọ̀kan níláti dáhùn ní ọjọ́ kan, yálà wọ́n múra sílẹ̀ dè é tàbí wọn kò múra. Ìbéèrè náà nìyí: nígbà tí òbí bá ti sùn, tí àga rẹ̀ àti tábìlì rẹ̀ àti kọ́bọ́ọ̀dù rẹ̀ sì wà nílẹ̀, tí ilé àwọn ọmọ tí ó fi sílẹ̀ kò sì ní ju pálọ̀ kékeré kan lọ, ẹ̀tọ́ wo ni òkú ní sí ààyè àwọn alààyè? Bí ẹnikẹ́ni nínú ẹ̀yin òǹkàwé wa bá rò pé ọ̀rọ̀ ilé títún ṣe lásán ni èyí, tí kò yẹ kí àwọn olùkọ́ máa gbé yẹ̀wò, kí ó dúró títí ọmọ ìyá méjì yóò fi bá ara wọn yodì nítorí aago ara ògiri kan tí kò lù mọ́ láti ọdún pípẹ́. Nígbà náà ni yóò rí i pé ìfẹ́ àti òdodo ni ó wà nídìí ọ̀rọ̀ náà, aago wulẹ̀ jẹ́ èyí tí ojú rí ni.

Ó yẹ kí á kọ́kọ́ sọ pé ìṣòro yìí kò tíì pẹ́ púpọ̀ láàrin wa. Àwọn baba ńlá wa kò fi àga kún ilé. Ẹní ni wọ́n ń tẹ́, àpótí ni wọ́n ń jókòó lé, awọ ẹran ni àgbà ń tẹ́ sábẹ́ ara rẹ̀, ọba nìkan ni ó ní àpèrè. Bí ilẹ̀ bá mọ́, wọn a ká ẹní, wọn a gbé e ti ògiri, yàrá a sì tún ṣófo gẹ́gẹ́ bí ó ti wà. Ohun tí à ń pè ní ogún nígbà náà ni ilẹ̀, oko, aṣọ, ìlẹ̀kẹ̀ àti orúkọ. Èyí tí ó sì tún jù bẹ́ẹ̀ lọ, inú ilé ni wọ́n ń sin bàbá sí. Ẹ jẹ́ kí á ro èyí dáadáa. Ẹni tí bàbá rẹ̀ sùn sábẹ́ ilẹ̀ yàrá kan náà tí òun ti ń jẹun, tí òun ti ń gba àlejò, kò nílò àga láti rán an létí pé òun ní bàbá, nítorí bàbá kò kúrò nílé. Nígbà tí a bẹ̀rẹ̀ sí gbé òkú lọ sí ibi ìsìnkú ní ẹ̀yìn ìlú ni àga di ohun tí ń ṣojú fún un. Èrò tiwa nìyí. Ẹni tí ó bá ní èyí tí ó sàn ju bẹ́ẹ̀ lọ kí ó wí i. Ṣùgbọ́n a kò rí ìdí mìíràn tí ọkùnrin tí ó ti dàgbà, tí ó ń kọ́ ọmọ ní ìṣirò, yóò fi máa bá igi mẹ́rin àti ìṣó mélòó kan sọ̀rọ̀ ní jẹ́jẹ́ nígbà tí kò sí ẹlòmíràn ní pálọ̀.

Bí àga ṣe dé ọ̀dọ̀ wa kì í ṣe ohun tí ó farasin. Ní ọ̀rúndún 19, àwọn ènìyàn wa tí wọ́n ti oko ẹrú ní Brazil padà wá sí Èkó, àwọn tí à ń pè ní Àgùdà, mú iṣẹ́ ọwọ́ lọ́nà bíríkìlà àti káfíńtà bọ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ rí ọwọ́ wọn kí ó lọ wo Mọ́ṣáláṣí Shitta-Bey tí a ṣí ní Èkó ní ọdún 1894. Bí ìwé ti ń tàn ká, bẹ́ẹ̀ náà ni pálọ̀ ń tàn ká. Olùkọ́, akọ̀wé àti oníṣòwò kòkó ní àga onígi pẹ̀lú tìmùtìmù tí a fi òwú àràbà kún inú rẹ̀, wọ́n sì ní tábìlì tí a fi aṣọ funfun bò. Igi tí káfíńtà ayé ìgbà náà lò kò jẹ́ kí ohun wọn bàjẹ́ bọ̀rọ̀. Ìrókò ni, tàbí apá, tàbí ọ̀gánwó. Ikán a sì máa kọ ìyẹ̀n ìrókò sílẹ̀, a lọ wá arère jẹ. Nítorí náà ni àga fi pẹ́ láyé ju ẹni tí ó rà á lọ. Ohun tí ó ra ni owó, ohun tí ó fi sílẹ̀ ni ọ̀ràn.

Tọkọtaya kan wà tí a mọ̀ dáadáa, olùkọ́ ni àwọn méjèèjì, wọ́n sì bí ìbejì. Pálọ̀ wọn jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 10 ní ìbú àti 12 ní gígùn, èyí ni pé ìwọ̀n ilẹ̀ rẹ̀ jẹ́ 120. Nígbà tí bàbá ọkọ kú, àga mẹ́rin rẹ̀, tábìlì rẹ̀ àti kọ́bọ́ọ̀dù onídígí rẹ̀ bọ́ sí ọwọ́ ọmọkùnrin rẹ̀ àgbà, nítorí pé ilé tí bàbá ń gbé kì í ṣe tirẹ̀, onílé sì fẹ́ gbà á padà. Wọ́n kó ẹrù náà wá ní alẹ́ ọjọ́ kan, wọ́n sì tò ó sí ibi tí ó bá gbà. Ìyá ìyàwó ti kú ṣáájú, ẹ̀rọ ìránṣọ Singer alẹ́sẹ̀-irin tí ó fi rán aṣọ, tí ó sì fi owó rẹ̀ san owó ilé ìwé ọmọ rẹ̀, ni ó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ẹ jẹ́ kí á ṣe ìṣirò rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí olùkọ́. Àga kọ̀ọ̀kan gba ẹsẹ̀ bàtà 2½ ní ọ̀nà méjèèjì, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin gba 25. Kọ́bọ́ọ̀dù tí ó gùn tó 5, tí ó sì fẹ̀ tó 1½, gba 7½. Tábìlì gba 6. Ẹ̀rọ ìránṣọ gba 4½. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 43, èyí tí ó ju ìdá mẹ́ta yàrá náà lọ. Ilẹ̀kùn méjì ni ó wọ inú pálọ̀ náà, èyí tí ó wọlé láti ìta àti èyí tí ó lọ sí yàrá. Bí ẹ bá yọ ọ̀nà tí ẹsẹ̀ ń gbà láti ọ̀kan dé èkejì kúrò, ẹ ó rí i pé kò sí ibi kankan tí ọmọ méjì lè dùbúlẹ̀ sí kí wọ́n fi ìwé síwájú kà.

Ìyàwó ni ó sọ̀rọ̀. Kò pariwo. Ó ní, “Bàbá Ìbejì, ẹ má bínú. Àga mẹ́rin ni bàbá wa ní nínú pálọ̀ yìí. Ìyá mi ní ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Àwọn ọmọ wa kò ní nǹkan kan.”

A gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí lẹ́nu ọkọ fúnra rẹ̀, kò sì sọ ọ́ bí ẹni tí ń ṣe àròyé. Ó ní òun kò rí èsì fọ̀. Ó sì tọ́ kí ó má rí, nítorí ohun mẹ́ta ni obìnrin náà sọ papọ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ni ó sì wúwo: pé òkú ìhà kan gba ààyè ju òkú ìhà kejì lọ, pé alààyè kò rí ààyè rárá, àti pé kò sí ẹni tí ó jókòó gbèrò kí ó tó rí bẹ́ẹ̀. Èyí tí ó gbẹ̀yìn yìí ni ó dùn wá jù. A máa ń fi ọ̀sẹ̀ púpọ̀ gbèrò lórí aṣọ tí a ó wọ̀ níbi ìsìnkú, ṣùgbọ́n ẹrù òkú, alẹ́ kan ni a fi ń kó o wọlé, a ó sì máa gbé pẹ̀lú rẹ̀ fún ogún ọdún.

Kí ni àwọn ọlọ́gbọ́n wí lórí irú ọ̀rọ̀ yìí? Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1880, William Morris, tí ó jẹ́ akéwì àti oníṣẹ́ ọnà, bá àwọn ará Birmingham sọ̀rọ̀, ó sì fi yé wọn pé kìkì ohun tí a mọ̀ pé ó wúlò, tàbí tí a gbà pé ó lẹ́wà, ni kí a jẹ́ kí ó wọ ilé wa. Òfin rere ni, ó sì ti gba ọ̀pọ̀ ilé lọ́wọ́ pàǹtí. Ṣùgbọ́n níbo ni àga bàbá yóò dúró sí nínú rẹ̀? Ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ti yẹ̀, nítorí náà kò wúlò. Pọ́líìṣì rẹ̀ ti ṣí, nítorí náà kò lẹ́wà. Bí ó bá ṣe ti òfin yìí nìkan ni, ìdí ààrò ni kí ó lọ. Síbẹ̀ ọkàn wa kọ̀, kì í sì í ṣe nítorí òmùgọ̀ ni ó ṣe kọ̀. Ohun kẹta wà tí Morris kò kà mọ́ ọn, èyíinì ni pé ohun kan lè jẹ́ ẹlẹ́rìí. Ó tilẹ̀ pani lẹ́rìn-ín pé ilé iṣẹ́ Morris fúnra rẹ̀ ni ó bẹ̀rẹ̀ sí ta àga onígi kan ní nǹkan bí ọdún 1866, alápá, tí ẹ̀yìn rẹ̀ ṣeé sún, tí a sì ń fi orúkọ rẹ̀ pè títí di òní. Ìdájú sì wà pé àwọn kan jogún irú rẹ̀ tí ó ti gbó, tí wọn kò sì jẹ́ fi í dáná.

Èkejì ni Denis Diderot, ará Faransé, tí ó kọ ìwé kúkúrú kan nípa ẹ̀wù àtijọ́ tí ó máa ń wọ̀ nínú ilé. A tẹ̀ ẹ́ jáde ní ọdún 1772. Ó rí ẹ̀wù tuntun gbà, aláwọ̀ pupa, tí ó dára púpọ̀. Bí ó ti wọ̀ ọ́ tán ni tábìlì rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí rí jákujàku lójú rẹ̀. Ó pààrọ̀ tábìlì. Àga koríko rẹ̀ fi ààyè sílẹ̀ fún àga aláwọ. Ohun kan ń ti èkejì jáde títí gbogbo yàrá fi di tuntun, tí onílé sì di àlejò nínú ilé ara rẹ̀. Ohun kan ṣoṣo ni kò jẹ́ kí ó lọ, rọ́ọ̀gì àtijọ́ kan nílẹ̀, kí ó lè máa wò ó ní àràárọ̀, kí ó sì máa rántí ẹni tí òun jẹ́ tẹ́lẹ̀. Ìtàn yìí wọ̀ wá lọ́kàn. Ọ̀pọ̀ nínú wa ni ó ti rí bí tẹlifíṣọ̀n tuntun kan ṣe lé gbogbo àga ilé jáde.

Ṣùgbọ́n Diderot fi ohun àtijọ́ kan ṣoṣo sí abẹ́ ẹsẹ̀ ọ̀pọ̀ ohun tuntun, gẹ́gẹ́ bí ìkìlọ̀ fún ara rẹ̀. Ohun tí àwa ń wí yàtọ̀ díẹ̀. Bí ẹrù ẹ̀wù tuntun bá lè fa gbogbo yàrá tẹ̀lé ara rẹ̀, kí ló dé tí ohun àtijọ́ kan kò fi lè ṣe bẹ́ẹ̀? Àga kan lè jẹ́ olórí pálọ̀, kí àwọ̀ ògiri, aṣọ fèrèsé àti gbogbo ohun ìyókù máa ti ọ̀dọ̀ rẹ̀ gba àṣẹ. Ọ̀kan ni a wí o. Yàrá ẹsẹ̀ bàtà 10 sí 12 kò lè ní olórí mẹ́fà, gẹ́gẹ́ bí ìlú kò ti lè ní ọba mẹ́fà.

Nígbà náà ni ìṣòro tòótọ́ bẹ̀rẹ̀: ọ̀kan wo? Níhìn-ín ni ó yẹ kí á bi ara wa ní ìbéèrè tí ó le. Nínú gbogbo ohun tí òbí fi sílẹ̀, èwo ni ó ru ẹni náà, èwo ni ó kàn ru owó rẹ̀? Kọ́bọ́ọ̀dù onídígí, fún àpẹẹrẹ, ìgbéraga díẹ̀ ni ó mú ọ̀pọ̀ àwọn bàbá wa rà á (kí wọ́n dárí jì wá). Fún àlejò ni wọ́n rà á, àwo inú rẹ̀ kì í sì í jáde àfi nígbà Kérésìmesì. Ṣùgbọ́n àga tí bàbá ń jókòó lé nígbà tí ó ń gbọ́ kíkà wa, tí ó fi ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ lu apá rẹ̀ bí a bá ṣì í kà, ìyẹn mọ bàbá. Ẹ̀rọ ìránṣọ mọ ìyá ju gbogbo aṣọ òkè inú àpótí rẹ̀ lọ. Iṣẹ́ ni ó ń so ohun mọ́ ènìyàn, kì í ṣe iye owó tí a fi rà á. Bí a bá fi èyí díwọ̀n ẹrù ogún, a ó rí i pé ohun tí ó tọ́ sí pálọ̀ wa kò pọ̀ tó bí ẹ̀rù ti ń bà wá pé ó pọ̀.

A mọ̀ pé àwọn kan yóò wí pé ìwà àìlójútì ni kí ọmọ jẹ́ kí ẹrù bàbá rẹ̀ kúrò ní ilé rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí á fi sùúrù dá wọn lóhùn. Àwa ti kíyèsí i, ní ilé tí ó ju ọ̀kan lọ, pé ẹni tí kò fi bẹ́ẹ̀ wá jókòó ti bàbá nígbà tí ó wà láàyè ni ó sábà ń fi agídí ṣọ́ àga rẹ̀ lẹ́yìn ikú. Ó fi ọ̀rá bò ó, kò jẹ́ kí ọmọdé fi ọwọ́ kàn án, bẹ́ẹ̀ ni òun fúnra rẹ̀ kò jókòó lé e. Gbèsè ni irú ẹni bẹ́ẹ̀ ń san, fún ẹni tí kò lè gbà á mọ́. Àánú rẹ̀ ṣe wá, ṣùgbọ́n kí ó má fi orúkọ ọ̀wọ̀ pe gbèsè. Àti pé kí ni ọmọdé tí a lé kúrò lórí àga náà yóò mọ̀ nípa bàbá àgbà rẹ̀? Yóò mọ̀ pé ó ní àga kan tí a kì í jókòó lé.

Ní ìhà kejì ẹ̀wẹ̀, ẹni tí ó ń sọ gbogbo rẹ̀ nù kò sàn jù ú lọ, àfi kí á mọ ìdí tí ó fi ń ṣe bẹ́ẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé ààyè ni kò sí, kò sí ẹni tí yóò dá a lẹ́bi. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ pé ojú ń tì í kí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ má baà rí i pé ọmọ káfíńtà ni òun, tàbí ọmọ aránṣọ, a jẹ́ pé kì í ṣe àga ni ó ń gbé jù síta. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ a gbé ìrókò tí ó ti lo ọgọ́ta ọdún jáde, a fi èyí tí wọ́n fi ẹ̀rún igi àti gọ́ọ̀mù lẹ̀ pọ̀ rọ́pò rẹ̀, tí yóò wú bí ẹ̀bà ní ọjọ́ tí omi bá kọ́kọ́ kàn án.

Níti àwọn ohun tí kò ní wọ pálọ̀, àṣà wa ti la ọ̀nà sílẹ̀, bí a kò bá gbàgbé rẹ̀. Ogún kì í ṣe ti ẹnì kan. Ìdí-igi ni a fi ń pín in, gẹ́gẹ́ bí iye ìyá tí ó bímọ fún olóògbé, tàbí orí-ò-jorí, gẹ́gẹ́ bí iye ọmọ. Ìdí-igi yìí ni àwọn adájọ́ tí ó ga jù nígbà náà ní Lọ́ńdọ̀nù fi ọwọ́ sí ní ọdún 1962 gẹ́gẹ́ bí àṣà Yorùbá. Ilẹ̀ àti ilé ni àwọn adájọ́ ń rò, wọn kò ro ti àga. Síbẹ̀ àga mẹ́rin ṣeé pín ju ilé lọ. Nígbà tí àkọ́bí bá kó gbogbo rẹ̀ sọ́dọ̀, ó lè rò pé òun ń ru ẹrù wúwo nítorí àwọn àbúrò òun, kí àwọn àbúrò sì máa rò pé ó fi bàbá du àwọn. Ilé mẹ́rin tí àga kọ̀ọ̀kan wà ni bàbá ti rí ibi mẹ́rin jókòó sí.

Nígbà tí èyí bá ti yanjú, yàrá kékeré kò ní í le tún ṣe mọ́. Àyè kì í há adìẹ kí ó má lè dé ìdí àba rẹ̀. Kí a gbé àga náà sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, níbi tí ìmọ́lẹ̀ yóò ti máa bọ́ sórí ìwé ẹni tí ó bá jókòó lé e, kí a má ṣe gbé e kọjú sí ilẹ̀kùn bí adájọ́. Kí ọ̀nà tí ó tó ẹsẹ̀ bàtà 3 wà láti ilẹ̀kùn dé ilẹ̀kùn láìsí ohun kan tí yóò gbún ènìyàn. Kí ògiri jẹ́ funfun tàbí àwọ̀ tí ó sún mọ́ funfun, nítorí igi ìrókò a máa ṣú bí ó ti ń gbó, bí ògiri bá tún ṣú, yàrá yóò dàbí inú àká. Ẹ̀rọ ìránṣọ, bí kò bá rán aṣọ mọ́, ẹsẹ̀ irin rẹ̀ lè gbé pákó kan, ó sì di tábìlì tí àtùpà àti ìwé ọmọ yóò wà lórí rẹ̀. Aṣọ òkè ìyá tí ó ti ń ṣá nínú àpótí lè di aṣọ tìmùtìmù. Ohun ìyókù kò gbọdọ̀ ju àpótí ìjókòó méjì tàbí mẹ́ta lọ, èyí tí a lè tì bọ abẹ́ tábìlì, àti ẹní kan tí a lè ká, gẹ́gẹ́ bí àwọn baba ńlá wa ti ń ṣe. Obìnrin ará Ṣúnémù tí ó kọ́ yàrá kékeré fún Èlíṣà, ohun mẹ́rin péré ni ó fi sí i: ibùsùn, tábìlì, àga àti ọ̀pá fìtílà. Ẹni tí yóò lo yàrá náà ni ó kọ́kọ́ rò, kí ó tó ro ohun tí yóò gbé sínú rẹ̀.

Ó kù ọ̀rọ̀ kan tí àwọn tí ó fẹ́ràn àríyànjiyàn láàrin yín yóò fẹ́ gbé yẹ̀wò. Bí a bá pààrọ̀ tìmùtìmù àga, tí a pààrọ̀ ẹsẹ̀ rẹ̀ tí ó yẹ̀, tí a tún fi pọ́líìṣì tuntun kùn ún, ṣé àga bàbá náà ni síbẹ̀? Àgbẹ̀ tí ó pààrọ̀ igi ọkọ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, tí ó sì gbé irin rẹ̀ lọ fún alágbẹ̀dẹ lẹ́ẹ̀kan, ọkọ́ bàbá òun ni yóò ṣì máa pè é, kò sì sí ẹni tí yóò já a nírọ́. Èrò wa ni pé ibi tí ọwọ́ olóògbé ti kan ohun náà jù lọ ni kí a má ṣe tún ṣe. Ìyókù, kí káfíńtà ṣe é bí ó ti wù ú.

Tọkọtaya tí a sọ̀rọ̀ wọn lẹ́ẹ̀kan fi kọ́bọ́ọ̀dù ránṣẹ́ sí àbúrò ọkọ ní Ìbàdàn, ẹni tí ilé rẹ̀ fẹ̀. Tábìlì àti àga mẹ́ta lọ bá àwọn mìíràn. Ọ̀kan tí ó kù ni wọ́n pe káfíńtà sí. Ó tún ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣe dáadáa, ó sì gbé ìfági láti bọ́ apá ọ̀tún rẹ̀, níbi tí àtẹ́lẹwọ́ bàbá ti fi ọ̀pọ̀ ọdún jẹ igi náà wọlé, kí ó lè bá apá òsì dọ́gba. Ọkọ kò sí nílé. Ìyá Ìbejì ni ó na ọwọ́, tí ó sì wí fún un pé, “Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ìyẹn sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.” Káfíńtà wí pé yóò hàn. Ó ní kí ó máa hàn.